Orí Kẹta: Ohun Tí Ẹ Lè Fi Rọ́pò Ṣúgà Nítorí Eyín àti Àtọ̀gbẹ

Bí dókítà bá sọ fún àgbàlagbà kan ní Belvedere, ní London, pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nílé ni pé páálí ṣúgà funfun á kúrò lórí tábìlì, ìgò oyin á sì gba ipò rẹ̀. Àwọn ọmọ á ra ṣúgà pupa wá, tàbí ṣúgà àgbọn, tàbí omi dídùn tí wọ́n fún lára èso déètì, nítorí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀ pé ohun àdáyébá ni. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n kò tíì gba Màmá tàbí Bàbá sílẹ̀. Ṣúgà ni gbogbo wọn. Ẹ̀jẹ̀ kì í béèrè igi tí ṣúgà ti sọ̀ kalẹ̀, kòkòrò ẹnu náà kì í béèrè.

Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi ohunkóhun tó bá dùn kí ẹ tó gbé e wọlé. Ṣé kòkòrò ẹnu lè jẹ ẹ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa kà á mọ́ ṣúgà? Bí ìdáhùn sí méjèèjì bá jẹ́ rárá, ẹ ti rí ohun tí à ń wá. Bóyá inú ewé ló ti wá tàbí inú ilé iṣẹ́, ìyẹn kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Bí eyín ṣe ń jẹ

Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Streptococcus mutans wà lára àwọn tó ń gbé lójú eyín wa. Bí a bá jẹ ṣúgà, òun náà á jẹ nínú rẹ̀, ohun tó sì máa ń yà jáde ni ásíìdì. Bí pH ẹnu bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 5.5, ara líle tó bo eyín lójú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Itọ́ ló máa ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó lè tó 30 ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí itọ́ tó borí ásíìdì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìdí nìyẹn tí iye ìgbà tí ṣúgà kan ẹnu lóòjọ́ fi ń ba eyín jẹ́ ju bí ṣúgà náà ṣe pọ̀ tó lọ. Ẹni tó mu ìgò máàtì kan tán pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán ti fún itọ́ rẹ̀ láyè láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ òru, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní ọsibítù, ní àwọn ilé ìkẹ́rù ńlá tó wà nísàlẹ̀ Belvedere lẹ́bàá odò. Ẹni tó bá ń fa máàtì tàbí tíì oníṣúgà díẹ̀díẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ kí oorun má bàa gbé e lọ, inú ásíìdì ni eyín rẹ̀ wà mọ́jú. Omi lásán ni kí ẹ rọ sínú ìgò iṣẹ́ òru. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ mu nǹkan dídùn, ẹ mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, kí ẹ sì mu ún tán.

Ìlànà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí àgbàlagbà má ṣe jẹ ju 30 gíráàmù ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ lọ lóòjọ́, ìyẹn bíi horo ṣúgà onígun 7. Fún ọmọ ọdún 7 sí 10, gíráàmù 24 ni. Fún ọmọ ọdún 4 sí 6, 19. Oyin àti omi èso wà nínú ìṣírò yìí. Ṣúgà inú odindi ọsàn tàbí inú wàrà lásán kò sí níbẹ̀. Ṣíbí tíì kan jẹ́ bíi gíráàmù 4. Ẹni tó ń bu ṣíbí mẹ́ta sí ife kan, tó sì ń mu ife mẹ́rin lóòjọ́, ti jẹ gíráàmù 48 kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Inú tíì yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibòmíràn nínú ilé Yorùbá tí ìyípadà kékeré ti lè mú èrè tó tó bẹ́ẹ̀ wá.

Xylitol, èyí tó bá eyín mu jù

Nínú gbogbo àdídùn tó wá láti ara igi, xylitol ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tí eyín rẹ̀ ń jẹ. Ó rí bíi ṣúgà, ó sì dùn tó ṣúgà, nítorí náà ṣíbí kan ni a fi ń dípò ṣíbí kan. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Emil Fischer, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é jáde ní 1891. Àwọn ará Finland ló wá sọ ọ́ di nǹkan ìjẹ, wọ́n ń yọ ọ́ lára igi birch. Lóde òní ṣùkù àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ìlú Turku ní Finland, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí fi xylitol rọ́pò ṣúgà nínú oúnjẹ àwọn ènìyàn kan fún ọdún méjì. Eyín tó jẹ láàárín wọn kéré gidigidi sí ti àwọn tó ń jẹ ṣúgà. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò ẹnu lè gbé xylitol mì, ṣùgbọ́n kò lè rí oúnjẹ kankan fà yọ lára rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ di ásíìdì.

Síbẹ̀ ẹ má jẹ́ kí olùtajà kankan sọ ọ́ di àgbo àwogbogboàrùn fún yín. Nígbà tí àwọn Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó gbogbo ìwádìí jọ ní 2015, ohun tó dá wọn lójú díẹ̀ ni pé ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlọ́ráìdì àti xylitol pọ̀ lè dín eyín jíjẹ àwọn ọmọdé kù ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ju ọṣẹ tó ní fúlọ́ráìdì nìkan lọ. Wọ́n ní ẹ̀rí fún ṣíńgọ́ọ̀mù àti mindin-mín-ìndìn kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Nítorí náà, ọṣẹ fúlọ́ráìdì ṣì ni ọ̀gá. Ẹ wò ó lára páálí rẹ̀ kó jẹ́ 1,350 sí 1,500 ppm. Ẹ fọ eyín ní òru kí ẹ tó sùn, kí ẹ tún fọ ọ́ nígbà kan sí i lójúmọ́, kí ẹ tu ìfófòó dànù, kí ẹ má sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí fúlọ́ráìdì lè dúró lójú eyín. Èyí le fún wa gan-an, nítorí láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa láti fi omi yọ ẹnu dáadáa. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn orín àtà tàbí orín ayín, kó máa rún un lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí rírún rẹ̀ ń mú itọ́ wá. Kó má kàn fi dípò ọṣẹ náà.

Ọ̀nà tí mo rí pé ó rọrùn jù láti lo xylitol nìyí: ṣíńgọ́ọ̀mù lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kò bá sí ààyè láti fọ ẹnu. Ẹ yẹ ẹ̀yìn páálí wò kí xylitol jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ, kí ó má jẹ́ ìkẹfà lẹ́yìn sorbitol. Iye tí àwọn olùwádìí sábà máa ń lò ni gíráàmù 5 sí 10 lóòjọ́, tí wọ́n pín sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún. Ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń rún ṣíńgọ́ọ̀mù láìgbé e mì, ẹ má fún un.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, xylitol máa ń gbé ṣúgà sókè díẹ̀ gan-an, kì í ṣe òdo. Kálórì rẹ̀ jẹ́ 2.4 nínú gíráàmù kan, ti ṣúgà sì jẹ́ 4. Inú tí kò bá mọ̀ ọ́n máa ń ru. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí tíì kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fi kún un. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, ni kó fetí sí èyí jù, nítorí oògùn náà fúnra rẹ̀ máa ń da inú rú ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ń lé yín lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì ju oògùn dànù nígbà tó jẹ́ pé àdídùn ló yẹ kí wọ́n dín kù.

Bí ajá bá wà nílé yín, tàbí nílé tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú, ẹ gbé xylitol síbi tí ajá kò lè dé. Májèlé ni fún ajá. Ìwọ̀nba kékeré lè já ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kíákíá kó sì ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ṣíńgọ́ọ̀mù inú báàgì tí a gbé sílẹ̀ lórí àga tó láti pa á.

Ọ̀rọ̀ ọkàn náà wà níbẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí erythritol, àdídùn mìíràn tó jọ xylitol, ní 2023, wọ́n sì tẹ ti xylitol jáde ní 2024. Wọ́n rí i pé àwọn tí nǹkan wọ̀nyí pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń bá jà jù, ó sì dà bíi pé ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ìyẹn kò tíì fi hàn pé àdídùn náà ló fà á, ara fúnra rẹ̀ sì máa ń ṣe díẹ̀ nínú wọn. Ìdájọ́ tèmi ni pé ṣíńgọ́ọ̀mù lẹ́yìn oúnjẹ àti ṣíbí kan nínú tíì yàtọ̀ sí kéèkì tí wọ́n da odindi ife xylitol sí. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn ti bá jà rí, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Ewé mọ́ínmọ́ín àti odò Thames

Bí ẹ bá dúró létí odò ní Woolwich, tí ẹ wo òdìkejì sí Silvertown, ilé iṣẹ́ ṣúgà Tate & Lyle ni ẹ máa rí níbẹ̀. Henry Tate ló ṣí i ní 1878. Ní 1921 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti ti Abram Lyle di ọ̀kan. Ṣúgà ìrèké tó ti ilẹ̀ olóoru wá ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà náà, wọ́n sì ta ẹ̀ka ṣúgà náà fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ní 2010.

Ilé iṣẹ́ tó fi ṣúgà lówó yìí kan náà ló lọ wá ohun tó lè rọ́pò ṣúgà, ẹ̀bá oko kòkó tiwa ló sì ti rí ọ̀kan. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín máa ń so èso pupa onígun mẹ́ta nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀. Inú èso náà ni kóró dúdú wà, ara rírọ̀ kan sì lẹ̀ mọ́ kóró yẹn. Ara rírọ̀ náà ló dùn. Ọmọ tó dàgbà lábà ní Oǹdó tàbí Ọ̀ṣun á rántí bí a ṣe ń fi í sẹ́nu tí omi lásán á sì máa dùn lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855, ó pè é ní katemfe. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi sọ ewéko náà, Thaumatococcus daniellii. Ní 1972, àwọn olùwádìí ní Netherlands yọ ohun tó ń dùn nínú rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní thaumatin. Púrótéènì ni, ó sì dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 2,000 sí 3,000. Tate & Lyle wá bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lórúkọ Talin, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fọwọ́ sí i nínú oúnjẹ ní 1983.

Fún eyín àti fún ẹ̀jẹ̀, thaumatin yege nínú ìbéèrè méjèèjì. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò kéré débi pé kò sí ohun tí kòkòrò tàbí ẹ̀jẹ̀ máa rí níbẹ̀. Wàhálà tó wà ni pé kì í ṣe ohun tí ẹ máa rí rà ní ike láti bù sí tíì. Dídùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, ó sì máa ń pẹ́ lẹ́nu kó tó lọ, nítorí náà ilé iṣẹ́ sábà máa ń fi í pọ̀ mọ́ àdídùn mìíràn nínú ṣíńgọ́ọ̀mù àti oògùn olómi. Bí ẹ bá rí E957 lára páálí, òun nìyẹn. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí ní Thamesmead mọ èyí: nínú igbó àwọn baba ńlá wọn ni ọ̀kan nínú àwọn ohun tó dùn jù láyé ti wá, ara èso ewé tí ìyá wọn ń bó kúrò lára mọ́ínmọ́ín sì ni.

Agbáyun yàtọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ohun kíkan á dùn lẹ́nu yín fún ìgbà díẹ̀. Miraculin ni wọ́n pe ohun tó ń ṣe é, 1968 ni wọ́n yọ ọ́ jáde. Ó lè ran ẹni tó fẹ́ jẹ ọsàn wẹ́wẹ́ láìsí ṣúgà lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí nǹkan kan kà. Ṣùgbọ́n ahọ́n nìkan ni agbáyun tàn jẹ, kò tan eyín. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ náà wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ó sì ń yọ́ ojú eyín. Ẹni tó bá mu omi rẹ̀ bí ẹni mu omi èso nítorí pé ó ti dùn á pa eyín rẹ̀ lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Stevia àti àwọn tó kù

Ewé stevia ti Paraguay wá, àwọn Guaraní ló kọ́kọ́ ń fi í sínú ohun mímu. Ohun tí wọ́n yọ lára rẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 200 sí 300, ilẹ̀ Yúróòpù sì fọwọ́ sí i ní 2011. Kò ba eyín jẹ́, kò sì gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Àwọn kan ní ó ń korò díẹ̀ níparí. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni àpò tí wọ́n kọ stevia gàdàgbà sí níwájú, tó sì jẹ́ pé maltodextrin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Sítáàṣì ni maltodextrin, ó ń yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n fi erythritol pò ló dára jù fún alátọ̀gbẹ, pẹ̀lú ìkìlọ̀ ọkàn tí mo ti ṣe lókè.

Maltitol ni wọ́n ń fi ṣe ṣokoléètì tí wọ́n ní kò ní ṣúgà. Ó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè ju xylitol lọ, kò sì yẹ kí alátọ̀gbẹ jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò sí ohun tó máa ṣe é.

Oyin lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ

Mi ò ní fo èyí, nítorí pé a kì í ṣe ìsọmọlórúkọ láìsí oyin, yálà gbọ̀ngàn ìjọ ní Thamesmead ni tàbí pálọ̀ ilé ní Abbey Wood. NHS ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má ṣe fi oyin kan ẹnu rárá. Irú èso kòkòrò botulism lè wà nínú oyin. Ìfun àgbàlagbà lè borí rẹ̀. Ìfun ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò lè borí rẹ̀, ó sì lè pa ọmọ. Kíkán an sí ètè díẹ̀ náà kò dára. Ẹ jẹ́ kí ìyá àti bàbá tọ́ oyin náà wò lórúkọ ọmọ, kí àgbà tó ń gbàdúrà gbé ìgò rẹ̀ sókè kó sì wúre pẹ̀lú rẹ̀. Ìwúre náà pé. Ẹni tó bá ń darí ètò ni kí ẹ sọ fún ṣáájú, kí ìyá ọmọ má bàa ní láti bá àgbà jiyàn níwájú àlejò.

Kíka ẹ̀yìn páálí

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà ní Plumstead àti Woolwich, ẹ yí ìgò padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ṣúgà sí lábẹ́ carbohydrate, kí ẹ sì ka ti 100 gíráàmù tàbí 100 mílílítà, ẹ má ka ti ìwọ̀nba jíjẹ kan, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ bí ife yín ṣe tóbi tó. Fún oúnjẹ, ohun tó bá ju 22.5 lọ ti pọ̀ jù, ohun tó jẹ́ 5 tàbí tó dín sí i kéré. Fún ohun mímu, ohun tó ju 11.25 lọ pọ̀, 2.5 sísàlẹ̀ kéré. Ẹ fi ojú yìí wo máàtì, ẹ fi wo Bournvita àti Milo pẹ̀lú. Ẹni tó ní òun kì í fi ṣúgà sí Bournvita ti gbàgbé pé ṣúgà ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Wàrà inú agolo náà, méjì ni: èyí tó ṣàn lásán, àti èyí tó ki tí wọ́n ti pò mọ́ ṣúgà. Èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú.

Ọ̀rọ̀ pé wọn kò fi ṣúgà kún nǹkan kò sọ pé kò ní ṣúgà. Bí ẹnì kan bá sì ń ta bísíkíìtì tó kọ ọ́ sí pé ti àwọn alátọ̀gbẹ ni, ẹ fi sílẹ̀. Òfin ilẹ̀ yìí kò gba irú àkọlé bẹ́ẹ̀ mọ́, owó rẹ̀ sì sábà máa ń ga láìnídìí. Èyí ni nọ́ńbà tí ẹ lè kọ sínú fóònù yín kí ẹ tó jáde: E960 ni stevia, E967 ni xylitol, E968 ni erythritol, E965 ni maltitol.

Nínú ilé ìdáná

Tíì àti kọfí ni xylitol àti stevia ti ń ṣiṣẹ́ jù. Xylitol wọ́n ju ṣúgà lọ dáadáa, nítorí náà ẹ má fi ṣòfò sínú ìkòkò ńlá.

Bí ẹ bá ń se sobo, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fi àdídùn sí i, kí ẹ tọ́ ọ wò, nítorí ohun gbígbóná máa ń tan ahọ́n jẹ. Atalẹ̀ àti kànáfùrù lè mú kó dùn láìsí ọ̀pọ̀ àdídùn. Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó dára ju omi rẹ̀ lọ. Ìṣápá fúnra rẹ̀ kan, ásíìdì rẹ̀ kò sì lọ nítorí pé ẹ yọ ṣúgà. Ẹ mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ dúró fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó fọ eyín, kí búrọ́ọ̀ṣì má bàa ha ojú eyín tó ti rọ̀. Bákan náà ni gbogbo ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà: ó san fún ẹ̀jẹ̀, kò san fún eyín.

Ọ̀gì ń fẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. Bí ẹ bá yọ ṣúgà inú ọ̀gì tí ẹ fi stevia sí i, ẹ ti yọ ṣúgà, ẹ ò tíì yọ ọ̀gì. Àgbàdo tí a lọ̀ kúná bẹ́ẹ̀ máa ń yára gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ lo àwo kékeré, kí ẹ jẹ àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín púpọ̀ tì í, nítorí púrótéènì ẹ̀wà máa ń fa ìgòkè náà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kan iyán, ẹ̀bà àti ìrẹsì. Kò sí àdídùn tó lè wẹ òkèlè mọ́.

Ẹ má fi xylitol ṣe pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Ìwúkàrà kò lè jẹ ẹ́, ìyẹ̀fun náà kò ní wú bó ṣe yẹ, epo àti fúláwà tó wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ ìṣòro. Ẹ din ìwọ̀nba díẹ̀ bó ṣe wà, lọ́jọ́ àríyá, kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ.

Ohun tí àdídùn kò lè ṣe fún àtọ̀gbẹ

Ní May 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí a má gbára lé àdídùn tí kì í ṣe ṣúgà láti fi dín ara kù. Ìmọ̀ràn náà kò kan ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ, kò sì kan xylitol àti irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ wúlò fún gbogbo wa: kí ahọ́n fúnra rẹ̀ kọ́ láti fẹ́ dídùn díẹ̀. Ẹ fi àdídùn ṣe ọ̀nà láti sọ̀ kalẹ̀, láti ṣíbí mẹ́ta sí méjì, láti méjì sí ọ̀kan.

Àwa tí ìran wa ti Áfíríkà wá, àtọ̀gbẹ oríṣi kejì máa ń tètè mú wa, ewu rẹ̀ sì ti ń pọ̀ láti ọdún 25. Ní England, NHS máa ń pe ẹni ọdún 40 sí 74 fún àyẹ̀wò ìlera lọ́dún márùn-márùn-ún. Ẹ má kọ̀ ọ́. HbA1c ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọn ṣúgà: 48 mmol/mol sókè ni àtọ̀gbẹ; 42 sí 47 ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, GP lè fi yín sínú ètò ìdènà tí wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ní síkù sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, nítorí HbA1c lè parọ́ lára irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò mìíràn ni wọ́n máa ṣe.

Èrìgì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣúgà tó ga máa ń jẹ́ kí èrìgì wú, kó ṣẹ̀jẹ̀, kó sì fà sẹ́yìn lára eyín. Èrìgì tó ń ṣàìsàn náà sì máa ń mú kí ṣúgà le láti kápá. Cochrane tún kó ìwádìí jọ ní 2022, wọ́n rí i pé títọ́jú èrìgì alátọ̀gbẹ lọ́dọ̀ dókítà eyín ń já HbA1c wálẹ̀ ní bíi 4.7 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.  Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ, kí ẹ sì sọ fún dókítà eyín pé ẹ ní àtọ̀gbẹ.

Ní ti owó: ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kì í san owó oògùn NHS ní England, bí ó bá ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ béèrè fún fọ́ọ̀mù FP92A lọ́wọ́ GP yín. Ìwé ẹ̀rí yìí kò kan owó ìtọ́jú eyín. Ìyẹn ní àwọn ìlànà tirẹ̀ nípa owó tó ń wọlé fún yín, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó lórí àga dókítà.

Ìgbà tí ṣúgà gidi jẹ́ oògùn

Ẹni tó ń lo ínsúlíìnì tàbí gliclazide gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí gbogbo ará ilé rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá já sísàlẹ̀ 4 mmol/L, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ebi òjijì á dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè máa ṣe ségesège. Xylitol kò lè gbà á, stevia kò lè gbà á, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà kò wúlò fún nǹkan kan. Gíráàmù 15 sí 20 ṣúgà tó ń yára ṣiṣẹ́ ló nílò: tábúlẹ́ẹ̀tì glucose mẹ́rin tàbí márùn-ún, tàbí ife kékeré omi èso. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i bí kò bá tíì gòkè. Ẹ má gbára lé Lucozade bí ẹ ṣe ń ṣe láyé àtijọ́ láìka ẹ̀yìn ìgò rẹ̀, nítorí 2017 ni wọ́n ti dín ṣúgà inú rẹ̀ kù gidigidi, ìwọ̀n tó ń tó tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́. Bí ó bá dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ pe 999.

Ìgbà àwẹ̀ ni ewu yìí ń pọ̀ jù láàárín wa, ìbáà jẹ́ àwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí Ramadan. Ẹ lọ bá GP tàbí nọ́ọ̀sì àtọ̀gbẹ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, nítorí wọ́n lè ní láti yí ìwọ̀n oògùn àti aago rẹ̀ padà. Ẹ má fúnra yín fo oògùn. Bí ẹ̀rọ bá ti fi hàn pé ó wà nísàlẹ̀ 4, ẹ já àwẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì ń lọ sí ìṣọ́ òru, ẹ fi tábúlẹ́ẹ̀tì glucose sínú báàgì, kí ẹ fi ibi tó wà han ẹni tó jókòó tì yín kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀.